Káàdì Ìdúpẹ́ Mẹ́rin Nítorí Mọ́tò Tó Ń Kú Lójú Títì

Elk Fork,
Ìpínlẹ̀ Wisconsin.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá.

Nolan, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó rẹ wà? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ooru Arizona tí ẹ lọ fi ara yín sí náà sì ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ní tèmi, ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń ké tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o wà nílé-ìwé girama ló ti ń ké, kò sì tíì dá mi dúró rí. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lánàá. Mo ti fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jókòó ti ìwé yìí, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ kí o má baà pe ẹnikẹ́ni pé kó wá bá mi kó o.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí pé o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù. Nínú lẹ́tà, ó di dandan kí o jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ni, ó sì ti parí. Ṣùgbọ́n bó ṣe parí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé apá tìrẹ wà níbẹ̀, apá náà kò sì dùn mọ́ mi.

O rántí pé oṣù kẹrin ni mo rà á, tuntun, lẹ́yìn tí ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ mọ́. Funfun ni, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ a sì máa móoru fúnra rẹ̀ nígbà òtútù. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mo ń yà kúrò lójú títì ńlá sí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wàràkàṣì, mo tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì sì kú. Kò húkọ́, kò pariwo. Gbogbo iná iwájú mi tàn lẹ́ẹ̀kan náà, sítíárì sì le gan-gan lọ́wọ́ mi. Mo fi tipátipá wà á dé ẹ̀gbẹ́ títì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣíná rẹ̀, ó sì dáhùn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. O mọ Orville Stenrud, òun ni mẹkáníìkì àgbà wọn, òun náà ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó wà á yí ìlú po, mọ́tò náà kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yí nǹkan kékeré kan padà, ó ní kí n máa lọ. Mo dúpẹ́, mo délé, mo kọ káàdì ìdúpẹ́ sí i bí mo ti máa ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó tún kú. Mo tún gbé e lọ nínú oṣù keje, mo tún gbé e lọ nínú oṣù kẹjọ, mo tún gbé e lọ nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbàkúùgbà tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, a máa hùwà bí ọmọ tó rí tíṣà.

Ti oṣù kẹjọ yẹn lo mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ fún àwọn arúgbó wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta nínú wọn ni mo jù lọ́jọ́ orí. Mo rọra ń kọjá lórí irin rélùwéè nítòsí oko àwọn Hofstad, ó sì kú sórí irin. Nolan, mo jókòó sínú mọ́tò tuntun lórí irin rélùwéè pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ mẹ́rìnlá lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè tú bẹ́líìtì. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń kórè àgbàdo ló sáré wá tì mí kúrò. Ọkọ̀ ojú irin kò kọjá títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ohun tí o sọ ni pé, "Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe ẹsẹ̀ yín ló ṣì í tẹ̀? Ẹ ti tó ẹni tí wọ́n ń gbé kiri báyìí." Mo ní ó dàbọ̀, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń wo ẹsẹ̀ mi tí mo bá ń wakọ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ní oṣù kẹsàn-án, Brent, ọmọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ka àtúnṣe níbẹ̀, wá bá mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Etí mi kò di, ṣùgbọ́n ó ń pariwo sí mi bí ẹni tó wà ní òdì kejì odò. Ó ní kọ̀ǹpútà àwọn kò rí nǹkan kan. Ó ní àwọn àgbàlagbà a máa ní ìṣòro pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì ayé òde òní. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ya àwòrán bíréèkì sí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń tẹ bíréèkì, ọmọdé yìí sì ya àwòrán rẹ̀ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni obìnrin ajẹ́ntì tó ń ta ilé wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ìwọ lo ní kí òun wá wo ilé. Ó wọn yàrá rẹ, ó wọn ibi tí bàbá rẹ máa ń gbé irinṣẹ́ sí, ó sì ri pátákó "Ilé Títà" rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé kí n tó rí bàtà mi wọ̀. Nígbà tí mo pè ọ́, o ṣàlàyé jẹ́jẹ́. O ní máìlì méjìlá ni ilé ìtajà tó sún mọ́ wa jù, pé kò sí bọ́ọ̀sì, pé ẹni tí kò bá lè wakọ̀ kò lè dá gbé níbí yìí. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Mo bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí pẹ̀lú, mo sì ṣèlérí fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo ní bí wọ́n bá fi hàn pé mọ́tò náà kò ní àbùkù, pé èmi ni mo ní àbùkù, màá jẹ́ kí a ta ilé kó tó di Kérésìmesì, màá sì wá bá yín ní Arizona. O mọ̀ pé tí mo bá ti ṣèlérí, mi ò ní yẹ̀ ẹ́.

Obìnrin tó wà ní ilé ìkàwé ló là mí lójú. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ dá ìwé padà, ó bi mí ohun tó ń ṣe mí, ni mo bá rojọ́ fún un. Ó ní, "Ọsàn kíkan ni wọ́n tà fún yín, mà. Òfin sì wà fún un." Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ là ń pe mọ́tò tuntun tó ti ilé-iṣẹ́ bà jẹ́ wá, ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé òfin lè máa jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi lórí bébà. Bí wọ́n bá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kìíní láti tún àbùkù kan náà ṣe, tí kò sì gbọ́, àwọn tó ṣe mọ́tò náà gbọ́dọ̀ gbà á padà. Mo fi ìka ka oṣù kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin géérégé ni. Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, inú mi dùn fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kejìlá, èsì wọn dé. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbé mọ́tò wá, ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, nítorí ìyẹn nìkan ló wà nínú ìwé. Wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé mo wá ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ.

Kí n tó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ní oṣù keje, ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni mo débẹ̀, ènìyàn márùn-ún tò sẹ́yìn mi, ìka méjì péré sì ni Orville fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé Maxine ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é kí wọ́n jọ lọ jẹ ẹja díndín. Mo bá ní, "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú pẹ̀lú ìwé, Orville. Ṣáà bá mi wò ó." Ní oṣù kẹjọ, mo tún sọ bẹ́ẹ̀, nítorí Brent dúró tì í, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo wá fẹjọ́ sùn. Àwa ará ibí yìí! Bí ènìyàn bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀, àwa la máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ìwà jẹ́jẹ́ yẹn ni mo fi sọ ẹ̀rí ara mi nù.

Orville nìkan ló lè sọ pé mo wá. Ṣùgbọ́n Brent ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá oníbàárà tó ń fẹjọ́ sùn sọ̀rọ̀, ọdún méjì péré ló sì kù kí Orville fẹ̀yìn tì. Mo mọ èyí, ìdí nìyí tí mi ò fi bi í. Ní ìdánrawò akọrin, ó tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wo ojú mi. Ó dùn mí, Nolan, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo délé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo tí mi ò ń lò sínú páálí.

Láàárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n Maxine kú. Mo ṣì ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kò mọ ìyẹn. Mo ṣe kéèkì ápù sínú páànù ńlá mi, mo gbé e lọ fún wọn, mi ò sì dúró mu kọfí. O mọ̀ pé níbí a kì í dá páànù padà fún ẹni tó ni ín láìfi nǹkan sí i. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Maxine gbé páànù mi wá, ó fi búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ tó ṣe fúnra rẹ̀ sí i. Ó ní, "Orville ní kí n sọ fún ọ pé kí o jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo jẹ méjì, mo gbé ìyókù sórí àwo, mo sì rí ìwé tí wọ́n fi rọ́bà dì lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn káàdì ìdúpẹ́ mi ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti ń fi wọ́n mọ́ inú ìdérí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, ihò píìnì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbé wọn pátápátá, nítorí pé tí mo bá ti kọ káàdì tán, ó ti kúrò lọ́kàn mi. Déètì wà lórí gbogbo wọn nítorí ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yí wọn padà, mo rí ohun tí Orville fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn wọn, iye máìlì tí mọ́tò ti rìn, ohun tó yí padà, àti ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin pé kò tíì rí ìdí rẹ̀. Mọ́tò náà ti ń dà á láàmú bó ṣe ń dà mí láàmú. Mo jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlàjà tí òfin yẹn fi lélẹ̀, wọ́n sì jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá ní yàrá ìpàdé ilé ìkàwé. Obìnrin kan láti Madison, Paulette Greer, ló gbọ́ ẹjọ́ wa. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo sí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Brent wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò. Wọ́n ní kí Orville gbé mọ́tò náà, tí mo ti dá padà sọ́dọ̀ wọn nítorí ẹjọ́, wá síwájú ilé ìkàwé, bóyá ẹnìkan á fẹ́ wò ó, kó sì dúró síta. Mo kó àwọn káàdì mi kalẹ̀. Brent ní ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé kọ káàdì, ẹnikẹ́ni sì lè fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú. Ó ti dé ẹnu mi, Nolan. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Orville sì wọlé tòun ti fìlà lọ́wọ́. Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan, ó sì yíjú sí obìnrin náà. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ wọ́n, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé e wá. Mọ́tò yẹn kò dáa, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe obìnrin yìí." Ó dé fìlà rẹ̀, ó tún jáde lọ. Brent ń wo tábìlì.

Paulette wá ka káàdì kọ̀ọ̀kan sókè kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èkíní àti èkejì kò le. Ìkẹta, ti oṣù kẹjọ, mo ti gbàgbé ohun tí mo kọ sínú rẹ̀. Ó kà á báyìí pé, "Orville, o ṣeun tí o tún bá mi wò ó. Nolan ọmọ mi ní ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà mọ́. Bóyá òótọ́ ló sọ. Má bínú pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu." Ojú tì mí ju ìgbà tí mọ́tò kú sórí irin lọ. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ ohun tí o sọ. Pé mo gbà ọ́ gbọ́ ni. Mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo fi déètì sí i, mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, mo sì fi ránṣẹ́.

Ìdájọ́ dé lánàá pẹ̀lú yìnyín. Wọn yóò gba mọ́tò náà padà, wọn yóò sì fún mi ní òmíràn, búlúù ni mo sì mú. Orville ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí Brent kò ní mẹkáníìkì mìíràn tó lè ṣe ìdajì ohun tó ń ṣe. Ní ìdánrawò akọrin, ó ń kọrin sí mi létí láti ẹ̀yìn, ó sì ń ṣi ohùn kọ bó ti máa ń ṣe. Mo ti tú àwọn àwo mi kúrò nínú páálí. Mo hú pátákó obìnrin ajẹ́ntì yẹn fúnra mi, Maxine sì fi mọ́tò gbé mi lọ dá a padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kọ káàdì ìdúpẹ́ sí i. Má rẹ́rìn-ín. Ó rin ọ̀nà jíjìn wá, kò sì rí nǹkan kan mú lọ.

Nítorí náà, mi ò ta ilé mọ́. Màá wá kí yín ní Kérésìmesì, bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ mi, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ bíréèkì dáadáa mọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀, màá sì sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, tí mo bá pè ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kọ́kọ́ bi mí bóyá ara mi dá. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ ní oṣù kẹjọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ. Kó fún yín ní ìsinmi nínú ilé yín, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun tí ẹ bá fi owó yín rà kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an, bí mo tilẹ̀ ń bínú sí ọ. Méjèèjì lè wà pọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣì ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ kiri,

Verna.

Àfikún: Páànù búlúù mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín láti Àjíǹde ọdún méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí o dá a padà, o sì mọ̀ pé a kì í dá a padà lásán. Mi ò fẹ́ oúnjẹ. Káàdì kan ni kí o fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé mọ́tò ló bà jẹ́, kì í ṣe Mọ́mì. Má gbàgbé déètì.